Ewé Wo?

Mùsíbáù tó ń kun táǹkì alùpùpù lẹ́bàá ọ̀nà Ìlárá
ló tà á fún mi, agolo ọ̀dà fífín kan ṣoṣo,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ sẹ́fà.
"Àwọ̀ ewé nìyí," ó ní. "Kí lo fẹ́ kùn?"
Mo ní àga ni.

Bàbá mi kì í pè é ní ìbọn.
"Ẹ bá mi gbé ẹni mi wá," ló máa ń wí,
bí ẹni ń pe ìyàwó tó ti bá jà títí tó rẹ̀ ẹ́.
Ọdún mẹ́ta rèé tí ojú rẹ̀ ti ṣú,
tí ẹni rẹ̀ ń gbé òkè àjà pẹ̀lú èkúté àti àgbàdo irúgbìn,
tí ìpatà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀
bí ọmọdé tó ń jí ẹran ọbẹ̀ jẹ ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìpóbẹ̀ ni mo gbé e sọ̀ kalẹ̀.
Mo wo ẹnu rẹ̀: kò sí ẹ̀tù, kò sí ọta,
ilé aláǹtakùn nìkan.
Mo fi sáńpépà ha á títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán,
eruku pupa wọ abẹ́ èékánná mi.
Nígbà náà ni mo kan àwọn àpá náà lára igi ìdí rẹ̀,
mẹ́tàdínlógún, ojú ọ̀bẹ ló fá wọn:
túùkú, ìgalà, ẹfọ̀n ọdún tí wọ́n bí mi.
Èyí tó gùn jù, mi ò mọ ohun tó jẹ́.
Kò sọ ọ́ fún wa rí.
Mo ha òun náà.

Mo fi okùn aṣọ ìyá mi so ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.
Mo mi agolo, nǹkan ń ró nínú rẹ̀, kokoko,
bí ẹyọ ẹ̀kùrọ́ kan nínú igbá òfìfo.
Mùsíbáù ti kìlọ̀: jìnnà sí i, má dúró lójú kan,
kí ọwọ́ máa lọ bí ọwọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀.
Mo dúró lójú kan.
Ọ̀dà ki, ó ń já bọ́ bí itọ́ ọmọ tó ń hu eyín.
Mo nù ún, mo tún bà á jẹ́ sí i,
mo bú Mùsíbáù tí kò sí níbẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kejì mo sé èémí,
bí bàbá ṣe kọ́ mi ní ọmọ ọdún mẹ́wàá,
lọ́jọ́ tí mo fojú sun àparò
tí mo yìnbọn pa àkùkọ aládùúgbò.
Ọwọ́ mi lọ, ó bọ̀.
Ó dán.

"Ta ló ba ògiri mi jẹ́?" Ìyá mi ni.
Mo tú ìbọn kúrò, a sì rí i, àwa méjèèjì:
ìkùukùu ewé yí ibi tí ìbọn wà ká,
amọ̀ pupa sì wà láàárín rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ìbọn,
ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀, okùn rẹ̀ pàápàá.
Àyọ̀ká ọmọ mi gbé èjìká tì í,
ó di ojú kan,
ó sọ pé "pò!" sí àwọn adìyẹ. Wọn ò tilẹ̀ wò ó.

Lálẹ́, kí bàbá tó jókòó, ó fín imú.
"Kí ló ń rùn bí ọkọ̀ tuntun?"
Mo gbé e lé e lọ́wọ́.
Ìka rẹ̀ lọ tààrà síbi tí àwọn àpá wà,
ó kọjá, ó padà, ó tún kọjá,
bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn nínú ilé tí wọ́n ti wó.
"Ta nìyí?" ó ní.
Mi ò fèsì.
Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn dé ibi tí a ti ń fà á,
níbi tí téèpù ti bò, tí ọ̀dà kò dé,
ìpatà kékeré kan, kò tó èékánná.
Ó dúró síbẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.
"Háà. O ṣì wà."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ibi tí mo wà:
"Àwọ̀ wo lo kùn ún?"
"Àwọ̀ ewé, Bàbá."
Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí.
"Ewé wo?"